Ìkéde Yìgì Tí Kò Dé Ọjà-Ọba

Obìnrin kan tó ti Kánò wá ra tùràrí ló bá ẹ̀gbọ́n mi Hàúwà yọ ayọ̀ tí Hàúwà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Ìyá Mùsílíù, ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láàlááfíà. Gbogbo Kánò ti gbọ́ pé Mùsílíù fẹ́ so yìgì."

Hàúwà ń wọn tùràrí lọ́wọ́. Ó dúró. "Mùsílíù wo?"

"Mùsílíù yín tó wà ní Ìlú Ọba náà ni. Àbí ẹ ní òmíràn?"

Kò ní òmíràn. Mùsílíù nìkan ni Ọlọ́run fún un kó tó di opó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà-Ọba Ìlọrin ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá yẹn, mo ń jẹ másà tó rà fún mi, mo sì rí i bó ṣe da tùràrí sílẹ̀. Hàúwà kì í da ọjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù kó tó sunkún.

Kí oníbàárà náà tó lọ, a ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Í-méèlì ni Mùsílíù fi ránṣẹ́. Bàbá Kánò, tó jẹ́ àgbà ìdílé wa, rí tirẹ̀ gbà. Àǹtí Asabe ní Èkó rí tirẹ̀ gbà. Kódà ìbátan wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Jídà rí tirẹ̀ gbà, ó ti ń bèèrè ìgbà tí òun máa wọ bàálù. Ìyá tó bí ọmọ nìkan ni kò rí nǹkan kan.

"Gàní," Hàúwà pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọmọ mi sọ fún gbogbo ayé, ó fi mí sílẹ̀."

Kí n tó gbé másà tó wà lẹ́nu mi mì, ó ti fún ara rẹ̀ lésì.

"Rárá. Mùsílíù ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Safiyat ló gbé ìwé mi pamọ́."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí Ọjà Tuntun. Mo nu ọwọ́ mi, mo sáré tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí ọ̀rọ̀ í-méèlì ṣe rí nílùú wa lọ́dún 1999 yẹn, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nílé kò pọ̀. Kàbírù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló ṣí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sí Ọjà Tuntun, àdírẹ́sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ni gbogbo wa ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ á fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Safiyat, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí tákàdá, á sì fún ọ. Ní ti Hàúwà, Safiyat fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e wá sí Ọjà-Ọba tí iṣẹ́ bá parí, á jókòó sórí àpótí, á kà á sókè. Ilé kéwú ni Hàúwà lọ. Kò sí ibi tí kò lè kà nínú Kùránì, ṣùgbọ́n kò lọ sílé ìwé tiwa yìí.

Bí àwọn méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí mi. Hàúwà tiẹ̀ máa ń ṣeré pé òun á fẹ́ Safiyat fún Mùsílíù, Safiyat á sì fi ìborùn bojú. Eré yẹn ló wá di ẹ̀sùn.

"Safiyat! Níbo lo gbé ìwé ọmọ mi sí?"

Àwọn oníbàárà tó tò sẹ́nu ọ̀nà yíjú padà. Safiyat ti kúnlẹ̀ láti kí i, orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀sùn ti bá a.

"Ìyá, ìwé wo?"

"Ìwé yìgì. O rí i pé ìwọ kọ́ ló fẹ́ fẹ́, lo bá gbé e pamọ́ fún mi. Ọ̀dàlẹ̀! Èmi tí mo ń pè ọ́ lọ́mọ!"

Ojú tì mí, mo sì ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo gba Hàúwà gbọ́. Ta ló tún lè ṣe é?

Kàbírù jáde sí wa. Èèyàn dáadáa ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Safiyat, bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yanjú kí a tó kírun Jímọ̀, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìwé rẹ̀ fún ilé tí wọ́n ti ń jí ìwé."

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ìyàwó mi Olúwakẹ́mi. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, insipẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni, ìsinmi ló sì wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti ń yọ̀ pé fún ìgbà díẹ̀, èmi náà á ní ìyàwó tí kì í bi mí ní ìbéèrè. Nígbà tí mo délé wa ní àdúgbò Fate, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"O ti dá ẹjọ́ náà tán, Bàbá Túnmiṣe," ló ní.

"Ta ló tún lè jí i?"

"Ẹni tó jí i, kí ló jí i fún?"

"Kí Hàúwà má baà mọ̀ pé Mùsílíù fẹ́ gbéyàwó."

"Kánò mọ̀. Èkó mọ̀. Jídà mọ̀. Safiyat yìí tó ń ka ìwé fún ọjà, ṣé ó rò pé Ìlọrin ló máa ṣẹ́kù?"

Olúwakẹ́mi ju ẹ̀gúsí kan sẹ́nu. "Lọ bá mi pe ọmọ náà wá," ló wí, bí ìsinmi mi ṣe parí nìyẹn.

*

Safiyat wá láàárọ̀ Àlàmísì. Ojú rẹ̀ ti wú. Olúwakẹ́mi fún un ní omi, kò sì jẹ́ kó mu ún tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ràn Mùsílíù?"

"Màdáámú, ẹ ṣàánú mi."

"Mo ń ṣàánú rẹ. Dáhùn."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀."

"Díẹ̀?"

"Díẹ̀ tó pọ̀, mà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wò mí, mo sì bá ẹ̀rín náà dákẹ́.

"Bó bá wá fẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́?"

Safiyat ronú lórí ìyẹn dáadáa. "Màá sunkún lọ́jọ́ kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá lọ síbi iṣẹ́. Mùsílíù kọ́ ló ń dùn mí, mà. Ìyá ni. Èmi ò ní ìyá mìíràn ní Ìlọrin. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, màá wá òmíràn. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá ń rò pé mo dalẹ̀ òun, ibo ni màá ti rí òmíràn?"

Mo mọ ìyàwó mi. Ó ti gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kì í fi gbígbàgbọ́ ṣe ẹ̀rí.

"Ronú dáadáa," ó ní. "Ṣé Mùsílíù ti kọ ìwé mìíràn rí tí kò dé?"

"Kò sí, mà. Gbogbo ìgbà ni ìwé rẹ̀ ń dé. Tí òtútù bá mú un, á kọ ọ́. Tí èlùbọ́ bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ ọ́." Ó gbé ife omi sílẹ̀. "Àfi ti ìdánwò. Nígbà tó yege ìdánwò rẹ̀ ńlá yẹn, Àǹtí Asabe ló sọ fún Ìyá. Ìyá ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn ọmọ òun, ló fi gbàgbé òun."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Lẹ́yìn Iléyá. Ibà dá mi gúnlẹ̀ nígbà náà, abúlé ni mo wà. Ọ̀gá Kàbírù fúnra wọn ló ń gba ìwé."

Mo dìde fùú. "Kàbírù ni!"

"O tún ti dá ẹjọ́," ni ìyàwó mi wí.

*

Kàbírù ò fẹ́ràn ìbéèrè wa rárá.

"Èmi kẹ̀, Màdáámú? Kí ni màá fi ìwé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Wàláì, mi ò rí i. Ohun tí kò bá wọlé, mi ò lè rí i."

"Ta ló ń pinnu ohun tó ń wọlé?"

Ìbéèrè yẹn ló tù ú nínú. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó fà á súnmọ́ wa bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han àlejò. Ó ní í-méèlì pàǹtí ti fẹ́ lé òun kúrò nídìí iṣẹ́. Láti ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ ọ́: ẹ wá gba mílíọ̀nù, ẹ wá ra oògùn tó ń mú irun hù, ẹ kú oríire ẹ ti jẹ tẹ́tẹ́ tí ẹ ò ta. Owó tẹlifóònù ló sì ń fi gba gbogbo ìrànù yìí wọlé. Ló bá ṣe asẹ́.

"Asẹ́ bíi ti ògì?" mo bèèrè.

"Bíi ti ògì gan-an, sà. Mo kọ òfin sínú ẹ̀rọ. Tí a bá so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, kí ìwé tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, òfin á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé wa sí l'Ékòó. Tó bá jẹ́ pàǹtí, ibẹ̀ náà ló ti máa pa á rẹ́. Kò ní dé ibí rárá."

"Ìwọ fúnra rẹ ò ní mọ ohun tó pa?" Olúwakẹ́mi bèèrè.

"Kí ni màá fẹ́ mọ̀ ọ́n fún? Pàǹtí ni."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ìwò rẹ̀ yẹn ń sọ pé, ó kéré tán, a ti mọ ibi tí apààyàn ń gbé.

"Báwo ni asẹ́ rẹ ṣe ń dá pàǹtí mọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni. 'Mílíọ̀nù.' 'Kíákíá.' 'Oríire.'" Ó dúró lójijì, ó gbá orí ara rẹ̀. "Sùbùhánà-lọ́ọ̀! Oríire! Ìdánwò, oríire ni. Yìgì, oríire ni. Ó ní láti jẹ́ pé ó kọ oríire sínú méjèèjì!"

Mo di mọ́ Kàbírù. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Hàúwà. Olúwakẹ́mi nìkan ni kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Kàbírù yọ gbogbo òfin ọ̀rọ̀ náà kúrò, kó sì fi tẹlifóònù pe Mùsílíù.

Hàúwà dé, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí Safiyat. Kàbírù pe Ìlú Ọba, ìyàwó mi sì gba tẹlifóònù sétí.

"Mùsílíù, ìyàwó Gàní ni. Ìwé yìgì rẹ ò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ." Ó fetí sílẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. "Kí lo wí?... Rárá. Kò bínú sí ọ. Kò rí i ni. Tún un fi ránṣẹ́ bí o ṣe fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, má yí nǹkan kan padà."

Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó sọ fún Hàúwà: "Ó ní gbogbo ẹbí ló ti dá òun lóhùn, àfi ẹ̀yin. Ó rò pé ẹ ò fọwọ́ sí i. Ó ní bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, òun ò ní so yìgì kankan."

Hàúwà fi ìborùn bo ẹnu.

A dúró kí ìwé tún gbéra láti Ìlú Ọba. Lẹ́yìn náà Kàbírù so ẹ̀rọ mọ́ wáyà. Ó hó, ó súfèé, ó dákẹ́. Gbogbo wa ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Safiyat dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó jìnnà sí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i. Ìwé wọlé fún onímọ́tò kan. Pàǹtí wọlé wọ̀ọ̀, torí a ti yọ òfin ọ̀rọ̀ kúrò. Oògùn irun wọlé. Ti Mùsílíù ò wọlé.

Wọ́n jí i lójú gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ẹ ò rí i?" Hàúwà ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò le bíi ti àná mọ́. "Ó ti ṣe nǹkan sí ẹ̀rọ náà."

Olúwakẹ́mi ò dá a lóhùn. Ó tún pe Mùsílíù. "Kọ ìwé kúkúrú kan sí ìyá rẹ. Kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kàbírù tún so ẹ̀rọ pọ̀. Ìwé kékeré náà wọlé wẹ́rẹ́. *Ìyá mi, ẹ ǹlẹ́ o. Mùsílíù.*

Ọmọ kan náà ló kọ ọ́, ẹ̀rọ kan náà ló gbà á. Ìkíni wọlé, yìgì kú sọ́nà. Kàbírù jókòó sílẹ̀, ó ń wo asẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ajá rẹ̀ bu àlejò jẹ.

*

A padà sílé jẹun ọ̀sán. Ìyàwó mi ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Mi ò lè fara da ìdákẹ́jẹ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí ọ̀rọ̀ tèmi. Túnmiṣe ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, èmi ló sì kù kí n lọ máa sọ fún àwọn àgbà ẹbí mi káàkiri Ìlọrin.

"Ìwọ ò mọ wàhálà tó wà níbẹ̀," mo ní. "Bí mo bá kọ́kọ́ yà sílé Bàbá Alápatà, Ìyá Àgbàjí á ní mo fojú di òun. Bí mo bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbàjí, Bàbá Alápatà ò ní jẹ ẹran ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin ará Ọ̀mù-Àrán, ẹ kàn máa ń pariwo ni."

"Báwo lo ṣe máa wá ṣe é?"

"Bí a ṣe máa ń ṣe é náà ni. Màá wọlé tọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ bí ẹni pé òun nìkan ni mo wá bá. Mi ò ní dárúkọ ẹlòmíràn tí mo ti sọ fún. Bàbá Kánò nìkan ni màá máa dárúkọ, torí òun ni àgbà pátápátá, kò sẹ́ni tó lè bá a du ipò."

Ó gbé síbí sílẹ̀.

"Tún un sọ."

"Èwo?"

"Gbogbo rẹ̀."

Mo tún un sọ, mo ń fòyà díẹ̀. Kí n tó dé ìdajì, ó ti dìde, ó fi ẹnu kò mí níwájú orí, tòun ti ọbẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé pẹ̀lú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí. Bí mo bá sọ ohun ọlọgbọ́n, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

*

Àárọ̀ Jímọ̀ ni a padà dé Ọjà Tuntun. Àwọn oníbàárà ti kún ẹnu ọ̀nà bí ìṣe wọn kí ìrun tó dé. Safiyat ti kó ẹrù kékeré tó ní síbẹ̀ sínú báàgì. Hàúwà wà níbẹ̀, mo sì rí i pé òun náà ò sùn.

"Kàbírù," Olúwakẹ́mi bẹ̀rẹ̀, "yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ tí o yọ kúrò, kí ni asẹ́ rẹ tún ń wò?"

"Kò sí mọ́, mà."

"Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó wò ó. "Àfi èyí tó wà lókè pátápátá. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́, mà, ohun tó yẹ kí gbogbo ẹ̀rọ máa ṣe ni. Ìwé tí kò bá ní àdírẹ́sì wa lójú rẹ̀, òfin á pa á kó tó wo ohun mìíràn."

"Kí nìdí?"

"Ìwà àwọn onípàǹtí ni. Wọ́n á kọ ìwé kan ṣoṣo, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹgbàágbèje èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn tó gbà á rí orúkọ ara wọn. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n máa fi sójú ìwé, wọ́n á fi ti àwọn yòókù pamọ́. Ẹ̀rọ gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí kan wo ló máa kọ̀wé sí ọ, tó máa fi orúkọ rẹ pamọ́?"

"Ọmọlúàbí tó bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin," ìyàwó mi dáhùn, "tó sì ní ẹbí púpọ̀."

Ó pe Mùsílíù, ó sì tẹ ibi tí gbogbo wa lè ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mùsílíù, orúkọ ta lo kọ sójú ìwé yìgì rẹ?"

"Ti Bàbá Kánò, mà."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Mo fi wọ́n pamọ́, mà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wọ́n. Bí Àǹtí Asabe bá rí i pé orúkọ ẹlòmíràn ṣíwájú tòun, ìjà dé. Bí mo bá sì to tiwọn ṣíwájú, ti Jídà á bínú. Mo ní kí kálukú rò pé òun nìkan ni mo kọ ọ́ sí."

"Bí o ṣe kọ ti ìdánwò náà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà. Ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń kọ ọ́."

Ẹnu Kàbírù ò padé. Èlùbọ́ àti òtútù, ìyá nìkan ló ń kọ wọ́n sí, orúkọ sẹ́ńtà máa ń wà lójú ìwé, asẹ́ á sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti tóbi tó ohun tí à ń kó ẹbí jọ sí, ọmọ á bọ̀wọ̀ fún gbogbo àgbà, asẹ́ á sì rò pé onípàǹtí ni.

Hàúwà dìde, ó súnmọ́ tẹlifóònù. "Mùsílíù. Ṣé o fi èmi náà pamọ́?"

"Ìyá mi." Ohùn ọmọ náà wá láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ má bínú. Ẹ rántí ohun tí ẹbí sọ nígbà tí bàbá mi kú, pé ẹ máa fi ọmọ gbogbo ẹbí ṣe ti ara yín nìkan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ yín níwájú, kí wọ́n tún rí nǹkan sọ sí yín. Mo ní ẹ̀yin á rí i gbà, ọ̀rọ̀ mi á sì yé yín."

Hàúwà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín náà títí tó fi di ẹkún. Mo di apá rẹ̀ mú, èmi náà ń sunkún, ojú ò sì tì mí.

Kàbírù ti tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó kọ òfin tuntun sókè ti àtijọ́, pé ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ Mùsílíù wá, kó wọlé kí asẹ́ tó bi í léèrè. Mùsílíù tún ìwé náà fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ hó, ó súfèé, ó dákẹ́. Ìwé yìgì wọlé. Tẹniọlá ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ìyàwó mi sì ṣe bí ẹni pé òun ló bí i.

Ṣùgbọ́n Hàúwà ò tíì wo ìwé. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, síwájú gbogbo àwọn tó tò níbẹ̀, ó sì fa Safiyat lọ́wọ́ jáde pẹ̀lú báàgì lápá.

"Ẹ gbọ́ mi o," ó ní. "Níbí ni mo ti pe ọmọ yìí ní ọ̀dàlẹ̀. Irọ́ ni. Kò gbé nǹkan kan pamọ́ fún mi rí. Èmi ni mo ṣe é níbi, mo sì ń bẹ̀ ẹ́."

Ó fẹ́ tẹ orúnkún rẹ̀ ba. Safiyat ju báàgì sílẹ̀, ó ti wólẹ̀ kí orúnkún àgbà tó kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀," ló ń wí, àwọn méjèèjì sì di mọ́ ara wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, títí Kàbírù fi wá gbé báàgì náà padà wọlé láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí omijé gbẹ, Hàúwà ní òun fẹ́ dá ọmọ òun lóhùn. Safiyat jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Kọ ọ́ pé mo gbọ́. Kọ ọ́ pé mo fọwọ́ sí i, kó mú ìyàwó rẹ̀ wálé, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i."

Safiyat tẹ̀ ẹ́. "Ìyá, ṣé Mùsílíù nìkan ni kí n fi ránṣẹ́ sí?"

"Fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Bàbá Kánò, Asabe, ti Jídà, gbogbo wọn pátá. Sójú ìwé ni kí o to orúkọ wọn sí, kí kálukú rí kálukú. Èmi ni mo bí i. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú."

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Safiyat to gbogbo àdírẹ́sì náà, ó tẹ orúkọ Hàúwà sísàlẹ̀, ó sì fẹ́ fi í ránṣẹ́.

"Kò tíì tán," Hàúwà ní. "Tẹ orúkọ tìrẹ náà tẹ̀ lé tèmi. Kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, ọmọ mi obìnrin."

Safiyat tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó fi ìborùn nu ojú, ó tún un tẹ̀. Hàúwà ò lè ka nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró tì í lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká rẹ̀, títí ọmọ náà fi tẹ̀ ẹ́ tán tó sì kà á sókè fún un.